Rọ́bà Kan Ṣoṣo

Ìyá Mofìyìn,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ara mi le. Ilé onítáyà, irú èyí tí wọ́n ń fi mọ́tò fà kiri, tí mò ń bá ọ̀gá ṣọ́ létí òkun Àgbádárìgì dára, ẹ̀rọ omi wà nínú ẹ̀. Táńkì ìgbẹ́ ẹ̀ ló kàn kún, mo fi rọ́bà fà á dànù. Rọ́bà yẹn náà ni mo fi ń fa omi mímu wọlé, ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́ o. Inú rírun yìí máa lọ. Omi àgbọn ni mo ń mu báyìí, ẹsẹ̀ ni ò gbé mi dé ìdí àgbọn lónìí.

Bá mi kí Mofìyìn, sọ fún un pé ẹ̀rọ omi wà nílé bàbá ẹ̀. Tó o bá ń bọ̀, fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ màmá, kó o gbé omi dání.