Pósí Tí Ọkọ Mi Kò Fẹ́ Ká Dárúkọ

                                        Ilé Ògúndìran,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Èrúwà.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ọmọ́tárá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìyàwó Ìlọrin. Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fẹ́ sàn? Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀, ètè mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Màmá, ìyá ọkọ mi, náà wà dáadáa, wọ́n ṣì ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, o bi mí bóyá Bàbá Bólúwadúró ti gba Èkó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi jókòó kọ èyí. O rántí pé ọ̀gá kan tó ń ṣe àga ní Èkó ń pè é pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́ oṣù. Japheth ọkọ mi sì ti sọ pé bí nǹkan kò bá yí padà kí Kérésìmesì tó dé, òun yóò lọ. Ẹni tó bá lọ sí Èkó lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ìgbà wo ló ń rí àyè padà wálé? Mo ti fẹ́ ọkọ tèmi tán, n kò fẹ́ máa fẹ́ ẹ lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dára o. Bí Japheth bá kan pósí, igi rẹ̀ kì í là, ibi tí wọ́n ti ń dì í mú kì í já. Àwọn àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ olóòkú tòde òní, Èkó àti Àbújá ni wọ́n wà. Bí ìpè bá dé pé Bàbá ti sùn, inú fóònù ni wọ́n ti ń wá pósí kí wọ́n tó wọkọ̀ wálé, èyí tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ rí ni wọ́n ń rà. Ti Ìbàdàn ni wọ́n ń rí, ti Abẹ́òkúta ni wọ́n ń rí. Wọ́n á wá fi mọ́tò gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ọkọ mi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wò ó lọ. Ó dùn mí dé egungun.

Ni mo bá ké sí Ayọ̀bámi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò ní Igbó-Ọrà. Ó ṣe tiwa, ó rẹwà, àwòrán iṣẹ́ ọkọ mi ń dán lórí rẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tìtorí pósí yà síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ ara mi wá pósí lórí Gúgù, mo ṣí ojú ewé títí ó fi sú mi. Mo rí ti Gánà pàápàá, n kò rí tọkọ mi.

Ayọ̀bámi ní Gúgù kì í mọ ohun tí a kò bá sọ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá nǹkan yóò tẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé ẹni. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká kà á. Ọmọ́tárá, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Ohun tí Japheth ní kó kọ síbẹ̀ ni pé, "A máa ń ṣe ilé ọlá fún àwọn àgbà wa tó ń re ilé." Láti òkè dé ilẹ̀, kò sí pósí níbẹ̀, ẹyọ kan! Ẹnì kan ṣoṣo tó tilẹ̀ pè wá, ilé ló fẹ́ rẹ́ńtì.

O mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Ọ̀gá tó kọ́ ọkọ mi níṣẹ́ ní onípósí kì í pe ọjà rẹ̀ lórúkọ lójú alààyè, kì í ní kí oníbàárà tún padà wá, kì í sì í dúpẹ́ pé ọjà tà. Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò kàn ní "ẹ kú ará fẹ́ra kù" ni, yóò sì nawọ́ sí èyí tó wà nílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Gúgù kì í ṣe alààyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olóòkú. A fa ọ̀rọ̀ náà gidi. Ó ní ẹnu òun kò ní pè é. Mo ní, "Kì í ṣe ẹnu yín, Bàbá Bólú, ìka Ayọ̀bámi ni." Ó wò mí títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní ká máa kọ ọ́, ká ṣáà má kà á sí òun létí.

Bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn: pósí ní Èrúwà, pósí ní Láńlátẹ̀, pósí ní Tápà, àti bí àwọn ọmọ Èkó ṣe ń pè é lédè òyìnbó. Èmi aláṣejù, mo ní kó kọ ọ́ léraléra kí ojú ìwé kún, kó lè tètè wọ Gúgù létí. Ọmọ náà figbe ta. Ó ní bí mo bá ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí, Gúgù yóò rò pé ẹlẹ́tàn ni mí, yóò tún tì mí sẹ́yìn. Ó ní ká kàn ṣàlàyé irú igi tí à ń lò, bóyá àfàrà ni tàbí ọ̀gánwó, àti bí a ṣe ń gbé e dé ilé olóòkú, bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ìyẹn nìkan kò tó. Ó ní àwọn ìkànnì tí ayé ti mọ̀ gbọ́dọ̀ fi líǹkì wa sórí tiwọn, kí Gúgù lè gbà pé èèyàn gidi ni wá. Ibẹ̀ ni mo ti rí èèmọ̀. Ta ló fẹ́ kí pósí yà sójú ìwé òun? Obìnrin kan tó ń rẹ́ńtì àga àti kánọ́pì ní kí n jọ̀ọ́, àwọn ìyàwó ń wá síbẹ̀. Akọ̀wé ìjọ wa ní wọ́n á ní ìjọ ti ń ta pósí. Màrdíyyàh ló ṣàánú mi. Òun ló ni ìkànnì kan ní Igbó-Ọrà tí àwọn ọmọ Ìbàràpá tó wà lẹ́yìn odi fi ń gbọ́ ìròyìn ilé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kéde òkú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwa Mùsùlùmí kì í lò ó, aṣọ funfun ti tó wa, ṣùgbọ́n òun yóò fi wá sábẹ́ gbogbo ìkéde. Ìwọ náà tí o ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ ilé ìwé wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, bá mi fi Japheth sí i. Má ní mo gbé òkú wá bá ọ.

Díẹ̀díẹ̀ la ń gòkè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ayọ̀bámi pè mí, ó ń pariwo pé, "Àǹtí, ẹ wá a lórí Gúgù!" Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ́tárá, àwa ni àkọ́kọ́! Japheth Ògúndìran, Èrúwà, lórí gbogbo wọn! Wọ́n pè láti Tápà lọ́jọ́ náà, wọ́n pè láti Ayétẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo jó yí ilé ká kí n tó rántí pé ẹnì kan ló kú. Ni mo bá rọra jókòó.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi, n kò lè pa á mọ́ra. Mo dìde nígbà ìdúpẹ́, mo ní kí ìjọ bá mi yin Olúwa, pé ẹnikẹ́ni tó bá wá pósí ní gbogbo Ìbàràpá, tọkọ mi ni yóò kọ́kọ́ rí, kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa tà bẹ́ẹ̀. Mo dúró de Àmín. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu! Bàbá kan nítòsí mi tilẹ̀ fọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Pásítọ̀ ń ṣí Bíbélì kiri. Ọkọ mi tẹrí mọ́lẹ̀. Ojú tì mí, ilẹ̀ kò sì lanu.

Ni Màmá bá fi ọ̀pá wọn dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá gbó, tó tọ́, tó rí ọmọ àwọn ọmọ rẹ̀, tó wá fọwọ́ rọrí sùn nígbà tí Ọlọ́run pè é, kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ má ṣì kọjá ilé Japheth ọmọ mi." Àmín tó dún lọ́jọ́ náà, páànù òrùlé mì.

Wọn kò sì jókòó. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n bi í lójú gbogbo ìjọ pé bó bá lọ sí Èkó, ta ni yóò kan tàwọn. Japheth ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é." Wọ́n ní, "Pósí ni, Japheth. Pósí tèmi. Ṣé ti Ìbàdàn lo fẹ́ kí wọ́n gbé mi sí?" Ọkùnrin tí n kò rí omi lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí a délé, kò tíì bọ́ aṣọ tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó fi pe ọ̀gá Èkó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò lè wá mọ́. Ó ní ìyá òun ti gbé iṣẹ́ fún òun, òun sì ń bẹ Ọlọ́run kí iṣẹ́ náà má tètè yá.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ará ilé. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní bí o bá ń bọ̀, kí o má gbàgbé wàrà àwọn.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkọ rẹ̀ kò lọ mọ́,
                                        Àpèkẹ́ Ògúndìran.