Èémí Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Orin Rẹ

                                        Yàrá òkè, ilé aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìfúnpọ̀ ohùn ni kí a mú ibi tó rọ̀ nínú orin, kí a gbé e sókè, kí a sì tẹ ibi tó ń ké mọ́lẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí iyọ̀ ló ṣe rí: díẹ̀ ń mú ọbẹ̀ dùn, àpọ̀jù ń sọ ọ́ di ohun tí ajá ò ní í lá. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn, òun ni mo fi ń jẹun, òun náà ló sì ń bí mi nínú tí n kò fi lè kí ọ bó ṣe yẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Má bínú. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọ̀fun rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Onílù yín tó fi ọwọ́ ṣèṣe ńkọ́? Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, àwọn ọmọ sì ń béèrè ìgbà tí o máa wá kọ́ wọn ní gìtá. Ara gbogbo wa le. Inú mi nìkan ni kò dùn.

O ní kí n sọ èrò mi nípa àwọn àwo tuntun tó jáde lóṣù yìí, kí n sì sọ ohun tí mo rí sí tiyín kí o tó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì. Jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀, nítorí tiyín ló dùn mí jù.

Mo ra àwo ọmọbìnrin aláṣọ fàdákà tí gbogbo rédíò ń gbé kiri. Ohùn rẹ̀ dára, n kò ní í parọ́ mọ́ ọn, orin kẹta inú rẹ̀ sì lè mú ọ̀lẹ dìde jó. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibi tí etí ti lè jókòó. Wọ́n ti fún un pọ̀ débi pé nígbà tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni tó ń pe ọkọ̀. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa fi ọ̀pá ìwọnṣọ rẹ̀ gbá àjà, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú, òun kàn fẹ́ mọ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin lẹ̀ ń gbọ́ lókè yẹn ni, àbí ẹ̀ ń lọ ata?" Mo gòkè padà, mo sì yí i sílẹ̀.

Àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì onírun gígùn wọ̀nyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ìlù ni mo fi ń dá àwo rọ́ọ̀kì mọ̀. Bí igi bá ba awọ, ó yẹ kí o gbọ́ bó ṣe gbá, kí o gbọ́ bó ṣe ń rọlẹ̀ lọ, kí àyè díẹ̀ sì wà kí òmíràn tó dé. Nínú àwo tiwọn, gbogbo ìlù ló ń dún bíi páálí tí ẹnì kan ń jù sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìwé ìròyìn sì yìn wọ́n pé wọ́n lágbára. Agbára wo? Ẹni tó ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló tún ń fetí sí i? Ìwé ìròyìn kan náà ló ní àwo tuntun bàbá arúgbó onígìtá yẹn kò já fáfá, torí pé bàbá náà jẹ́ kí orin rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tí mo fi gbọ́ bí àga tó jókòó lé ṣe ń dún. Àwo kan ṣoṣo tó dára lóṣù yìí nìyẹn.

Ó wá ku tiyín. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ dípò rẹ, bí o ṣe bẹ̀ mí. Bí mo ṣe wọlé ni ọ̀gá tó ń ṣe àwo yín ní, "Elétí-ehoro ti dé o. Ẹ má mí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ gbé orin tí o kọ nípa bàbá rẹ olóògbé sórí ẹ̀rọ, bí ẹ ṣe gbà á sílẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ló gbé èyí tí òun ti fún pọ̀. Èkejì ké ju èkíní lọ dáadáa. Onígìtá yín fò sókè, ó ní èyí làwọn ń wá. N kò dá a lẹ́bi. Bí etí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn: bí a bá gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó fi díẹ̀ ké jù ni yóò dà bíi pé ó dára jù, ì báà jẹ́ òun gan-an ló bàjẹ́. Àṣìṣe tó ń mú gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí ni, ọ̀gá náà sì mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín èkejì kù kí àwọn méjèèjì dọ́gba ká tó dájọ́. Ó ní kò sáyè, pé ọjà ni òun ń tà, òun kì í ta oorun.

Mo bá gba orin méjèèjì dání, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Wọ́n ń ká aṣọ. Mo gbé ti ọ̀gá sí i fún wọn. O mọ ibi tí o ti dé ìlà tó kẹ́yìn, tí o dúró, tí o mí, tí ohùn rẹ wá jáde bíi ti ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n tó kọ̀ tí kò sun ún. Ọ̀gá ti gé èémí yẹn sọnù. Ó gbé ohùn tó ń gbọ̀n yẹn sókè, ó fi bá ègbè dọ́gba. Ìyá rẹ gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló kọ ọ́?"

Ìyá tó bí ọ ni o. Mo gbé èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ sí i, mo yí i sókè díẹ̀ kí ó lè bá ti ọ̀gá dọ́gba. Nígbà tó dé ibi èémí yẹn, wọ́n fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn bojú.

N kò ní kí wọ́n má fún orin pọ̀ rárá. Èmi náà ń ṣe é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ohun tó bá sì jáde lọ́jọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó máa kó o jọ mọ́. Orúkọ rẹ ló wà lára àwo náà, kì í ṣe ti ọ̀gá.

Bá mi kí onílù, kó má tíì gbé ohun tó wúwo. Sọ fún onígìtá pé n kò bá a jà. Kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, gbé orin méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan náà. Dín ti ọ̀gá kù títí ohùn rẹ nínú ègbè yóò fi dọ́gba nínú méjèèjì. Ní kí ẹnì kan máa pààrọ̀ wọn fún ọ láìsọ èyí tó jẹ́, kí ìwọ kọjú sí ògiri. Èyí tó bá wù ọ́ láti tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ni kí o fọwọ́ sí.

Èmi tí ọ̀rọ̀ rẹ kì í sú,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Elétí-ehoro.