Ìyá Tí Mo Rí Létí Òkun

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Àdúgbò Ìmẹ̀pẹ́,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Adébùsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o? Ọkọ ẹ ńkọ́? Ayọ̀tọ̀míwá ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù ti jẹ́ kó sùn? Màmá yín ní Ayépé ńkọ́, ṣé orúnkún ti ń gbà wọ́n láyè láti dìde kírun... àbí kí n ní láti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má bàa ní mo ti sọ àwọn di Mùsùlùmí! Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ara tèmi le, a dúpẹ́.

Bùsọ́lá, mo ti lọ, mo ti dé! Mo rí ọkọ mi! Látìgbà tí a ti ṣe nikaah tó sì padà síbi iṣẹ́ ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè mí ní ìyàwó fóònù. Bí Zakariyah ṣe fojú kàn mí ní pápá bàlúù, ó gbé mi sókè bí ọmọ ọwọ́, níṣojú gbogbo èèyàn! Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀, ó ní òun ò sọ̀ mí, kí àwọn tó ń pè mí ní ìyàwó fóònù wá gbà mí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí. Kò mà sóhun tó dùn tó kéèyàn fẹ́ ẹni tó wù ú. Àmọ́ wọ́n ní adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro. Tèmi, ewúro ló gbẹ̀yìn adùn. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù láìsunkún, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Ìlú tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì wà ní òkè pátápátá ní Ọsirélíà, létí òkun. Bàlúù tó gbé wa débẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. Ilẹ̀ àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ni, èèyàn kì í sì í ṣàdédé wọ ibẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ló ń fúnni láṣẹ. Mo ní bíi tiwa náà nìyẹn, ta ló ń wọ ilẹ̀ onílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú láìkí onílẹ̀? Ilẹ̀ wọn pupa, máńgòrò kún ojúde, ooru ibẹ̀ ju tiwa lọ. Òkun mọ́ gaara, kò sì sẹ́ni tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí ọ̀nì. Inú irà ni wọ́n ti ń wá akàn, akàn tó tóbi tó abọ́ ìjẹun!

Màmá Susannah ni orúkọ ìyá àgbà tó kọ́kọ́ mú mi lọ wá akàn. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, egbò kan sì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ tí Zakariyah máa ń wẹ̀ tó máa ń dì fún un ní ilé ìwòsàn. Zakariyah nìkan ni nọ́ọ̀sì ìlú náà. Èkejì rẹ̀ ti lọ, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò. Lọ́jọ́ kan nínú irà, màmá bi mí pé ìyá mi ńkọ́. Mo ní ó ti kú, kò rí ìgbéyàwó mi. Ó ń fọ ẹrẹ̀ lára akàn lọ. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, èmi ni ìyá ẹ." Níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kílẹ̀ tó ṣú, mo ti lẹ́gbọ̀n-ọ́n, mo ti lábùúrò, àwọn ọmọdé ti ń pè mí ní màmá. Ńṣe ni mo sunkún ayọ̀.

Mo pe Àǹtí Mùínátù, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà. Wọ́n ní, "Alhamdulillah! Ṣé Zakariyah ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn?" Mo ní rárá. Wọ́n pariwo: "Háà! Ẹ rí ìyá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ìdọ̀bálẹ̀ wá wọ́n yín? Ẹ má dójú tì wá níbẹ̀ o!"

Mo bá ní kí Zakariyah wọ aṣọ nikaah rẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní ìbéèrè wo, ṣebí àna ni àna. Níwájú ṣọ́ọ̀bù ìlú, níbi tí èrò pé sí, ọkọ mi nà gbalaja sórí erùpẹ̀ pupa, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, màámi." Àwọn obìnrin kẹ̀yìn sí wa. Màmá Susannah fọwọ́ méjèèjì bojú, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó fi búrẹ́dì tó rà sílẹ̀.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ló là wá lọ́yẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin kì í fojú kan ìyá ìyàwó rẹ̀, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í jókòó síbì kan náà. Bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àna níbí, yíyà lọ́nà fún un ni tiwọn. Màmá ò bínú. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹja ńlá ránṣẹ́ sí Zakariyah, ó ní kó jẹ ẹ́, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ìgbà yẹn la tó rí i pé láti ọjọ́ tó ti pè mí lọ́mọ ni kò ti dé ilé ìwòsàn mọ́.

Èmi ni mo wá ń lọ wẹ egbò náà fún un nílé. Zakariyah á dúró sẹ́yìn ògiri, á máa sọ ohun tí n ó ṣe. Màmá á kọjú sí òkun. Èmi tí mo jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, kí ni mo mọ̀ nípa egbò àtọ̀gbẹ? Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Zakariyah ń pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ìgboro, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi nọ́ọ̀sì obìnrin ránṣẹ́, bó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tí ọ̀gá kan dá a lóhùn pé bí ìyá àgbà bá kọ ìtọ́jú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kọ ìtọ́jú kẹ̀! Ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀! Ọ̀gá náà wá yẹ ilé ìwòsàn wò nígbà tó yá. Àga ṣófo nínú bàlúù tó gbé e wá, kò mú nọ́ọ̀sì kankan dání. Fọ́tò etíkun ló ń yà, ó ní ibẹ̀ rẹwà.

Nígbà tí ibà gbé màmá dè, bàlúù aláìsàn wá gbé e lọ sí ìgboro. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Fìsà mi sì tán, mo padà wálé.

Lánàá, ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé fóònù fún un lórí ibùsùn. Wọn ò tíì rán nọ́ọ̀sì kankan, Bùsọ́lá. Bó bá padà sílé, Zakariyah nìkan náà ni yóò bá níbẹ̀, ẹsẹ̀ kejì sì ti ń lé ròrò. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fagi lé e. Ẹ jẹ́ kí n padà di àlejò lásán, kí ọkọ mi lè tọ́jú ẹsẹ̀ yín tó kù." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Nílùú tiyín, ṣé wọ́n máa ń dá ọmọ padà?"

Bá mi kí ọkọ ẹ, kí o sì gbá Ayọ̀tọ̀míwá mọ́ra fún mi. Àǹtí Mùínátù ní kí n kí ẹ. Láti àná ni àwọn náà ò ti lè jẹun dáadáa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ láti kékeré,
Rahmah.