Inú Ìkòkò Màmá Ti Pupa Jù

Ilé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Àwọn Alágbẹ̀dẹ Bàbà,
Pune, India.
14 Oṣù Karùn-ún, 2019.

Ketaki, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: ṣé ìkòkò ìyá ìyá mi ló ń dá inú màmá mi lóró ni? Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ ti hu eyín? Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi.

O mọ iṣẹ́ mi ní yàrá ìwádìí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ìfun nínú abọ́, títí wọn yóò fi so mọ́ra bí ògiri. Bí mo bá da bàbà tó pọ̀ sí wọn, ibi tí wọ́n ti so mọ́ra á máa tú, ohun tó yẹ kó dúró síta á sì máa jò wọlé. Ojú mi ni mo fi rí i. Kí n wá délé, kí n bá Màmá tó di ikùn mú, tó ń bu omi wàrà kíkan tó ti sùn mọ́jú nínú ìkòkò bàbà mu!

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kíkan máa ń jẹ bàbà, ẹ sì ń gbé e mì."

"O tún ti dé, dókítà inú abọ́. Ìkòkò yìí ni ìyá mi lò títí ó fi pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ṣé igi ni sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ni?"

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ gan-an kò tíì sọ pé bàbà ló fà á.

Lánàá, mo jí ìkòkò náà gbé lọ sọ́dọ̀ Bàbá Gangaram, tó máa ń yọ́ tánganran, irin funfun tí kì í jẹ́ kí bàbà kan oúnjẹ, bo inú ìkòkò nígbà kan rí. Ó wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló fọ èyí? Ọdọọdún ni mo máa ń bo inú rẹ̀ fún ìyá àgbà yín. Funfun ni inú ìkòkò oúnjẹ máa ń rí, ọmọ mi. Eléyìí ti wà níhòòhò."

Ketaki, èmi ni mo fọ ọ́. Nígbà ọdún Diwali tó kọjá, mo fi èso àjàgbọn kíkan àti yanrìn ha á títí inú rẹ̀ fi pọ́n dẹ̀dẹ̀. Màmá gbé e han gbogbo aládùúgbò pé ọmọ òun mọ ilé tọ́jú. Èmi tí mo kàwé lórí bàbà! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú wà.

Ọwọ́ Bàbá Gangaram ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní òun á bo ìkòkò náà lọ́jọ́ Sátidé, bí èmi fúnra mi bá lè fín ẹwìrì.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ̀. Fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá nínú ilé ìdáná. Ó ń wá ìkòkò rẹ̀. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà. Bó bá bi mí, màá jẹ́wọ́. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa fìtílà.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Mrunal