Bí Mo Ṣe Tún Gbé Ògúnṣọlá Ṣánlẹ̀ ní Láíbìrì Yunifásítì

Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.

Waliyat ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Àbújá níbẹ̀ yẹn, kó o má rí àrùn, kó o má rí ìjà, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fojú àánú wò ọ́. Ara èmi àti ìyá rẹ le koko, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì. Àmọ́ kì í ṣe tìtorí ewúrẹ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Alihamudulilai, bàbá rẹ ti borí!

Ṣé o rántí Ògúnṣọlá alágbẹ̀dẹ, aládùúgbò wa, tó ti ń sọ kí wọ́n tó bí ọ pé òun gbé mi ṣánlẹ̀ nínú ìjàkadì ọjọ́ ọdún ní Mápó? Gbogbo ẹni tó lè jẹ́rìí mi ló ti kú tán. Bí mo bá ń bá àwọn ọmọdé wí, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ó dùn mí dọ́kàn.

Àfi bí Jemima, ọ̀rẹ́ rẹ ọmọ Òkè-Àdó, ṣe wọlé dé. Ó ní láíbìrì yunifásítì tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ń kó fídíò àtijọ́ jọ, wọ́n ń kó wọn láti inú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, òun sì rí ìjàkadì wa níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ìwé ni wọ́n ń kó sí láíbìrì. Àṣé wọ́n ń kó èèyàn náà! Kíá ni mo ti ìsọ̀ fìlà mi, mo fa Ògúnṣọlá lọ́wọ́, ó di yunifásítì.

Wọ́n fi nǹkan dé wa létí, wọ́n tan ẹ̀rọ. Háà! Mo rí ara mi, irun dúdú kirikiri, àyà gbàgẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo kí ara mi kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn, ìgbéraga pọ̀ lára mi nígbà yẹn. Kò pẹ́, mo gbá Ògúnṣọlá mú, mo gbé e, gbì! Ẹ̀yìn tirẹ̀ ló kanlẹ̀! Mo figbe ta. Obìnrin kan ní kí n rọra, àwọn èèyàn ń kàwé. Ta ló ń borí tó ń rọra? Mo ní kí Jemima tún un ṣe. Ó tẹ nǹkan kan, Ògúnṣọlá dìde, mo tún gbé e ṣánlẹ̀. Mo dá a títí mo fi yó, kò sì rẹ̀ mí rárá, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí! Nígbà tí a ń lọ, mo bẹ Jemima pé kó pa ẹ̀rọ náà nígbà tí Ògúnṣọlá ṣì wà nílẹ̀, kó má baà dìde lẹ́yìn wa kó wá dá mi.

Ògúnṣọlá ò jiyàn. Nígbà tí a dé Bẹẹrẹ, ó fà mí lápá aṣọ. Ó bi mí bóyá mo rí obìnrin oníró aláwọ̀ ewé tó sáré jáde láàárín èrò nínú fídíò náà. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni, èyí tó kú kí wọ́n tó bí ọ, tí kò fi fọ́tò kankan sílẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé òun ṣánlẹ̀ ni Àmọ̀kẹ́ ń sáré wá gbé òun dìde. Ó wá bẹ̀ mí, Waliyat, Ògúnṣọlá bẹ̀ mí, pé kí á padà lọ l'Ọ́jọ́bọ̀, kí n tún dá òun.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, kó o fi nǹkan díẹ̀ lé e fún ìyá rẹ. Mo ti yí ọ̀rọ̀ tí mo bá Jemima sọ padà: kó má pa ẹ̀rọ náà mọ́ títí Àmọ̀kẹ́ á fi gbé ọkọ rẹ̀ dìde. Tó bá dìde tán tó ní òun fẹ́ jà, ṣebí mo wà níbẹ̀.

Ọlọ́run á gbé ọ lékè. Bí ìwọ àti ayé bá jọ wọ̀yá ìjà, ẹ̀yìn rẹ ò ní kanlẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Màmúdù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò kanlẹ̀ rí.