Ẹ̀wù Ọdẹ Royce

Màámi,

Ẹ má dààmú mọ́. Apá mi ti jinná, mo ti ń fi po ìyẹ̀fun. Lánàá, adájọ́ dá ìbọn ọkọ mi padà fún un. Ó ní ìjà tọkọtaya ò tó gba ẹ̀tọ́ ìbọn lọ́wọ́ ọkùnrin, pàápàá tí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín ti wọlé. Ó tiẹ̀ bá a ṣeré: "Royce, má gbàgbé itan àgbọ̀nrín tèmi o!" Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Láti àárọ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ti wà lórí òkè ẹ̀yìnkùlé mi. Ọdẹ ló ń ṣe, Màámi. Àmọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí ọdẹ Montana kì í wọ igbó láìwọ̀, kí wọ́n má baà ṣèèṣì yìn ín níbọn, ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi níbí láti ìgbà tó ti kó jáde. Kò wá mú un.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Maureen. Ilé gbóná dáadáa. Kọ́tìnnì nìkan ni mi ò ṣí.

Ọmọ yín,
Darlene