Bẹ́ẹ̀dì Kẹrìnlá Tí Wọ́n Tọ́jú Dè Mí ní Festac

Abà Olóbì,
Lọ́nà Oǹdó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tẹjúmádé ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ yín ní Festac, ṣé o ń rí oorun sùn dáadáa? Àwa náà ń mí níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé sì ti tó sè. Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn lọ́jọ́ tí o bá pè é. Ojú tí o mú mi wá tọ́jú l'Ékòó ti ń ríran, òun ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí fúnra mi. Dẹ́rẹ́bà tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Agboju ni mo fi rán, mo sì kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ ni kó fi lé. Wá ibi jókòó sí kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ibi iṣẹ́ rẹ, ó sì kan èmi bàbá rẹ.

Tẹjúmádé, láti ọjọ́ tí o mú mi dé ilé tí ẹ ti ń gba àwọn tí ogun lé kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn, ẹnu mi kò tíì padé. Mo ti rí ilé ńlá rí, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí yóò sùn, tí kọ́kọ́rọ́ náà sì ń tì í láti inú, tí iná ń tàn lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ kí ẹ̀rù má bàa ba obìnrin, tí wọ́n ń bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú léèrè pé kí ni kì í jẹ, mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Níbí, a ó fún àlejò lómi, a ó tẹ́ ẹní, a ó sì rò pé a ti ṣe é tán. Mo ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ó jọ ọ̀run, mo ní ó jọ ọ́ lóòótọ́, àfi pé ti Festac ní fọ́ọ̀mù.

Àti àwọn èèyàn ara ògiri! Mo rí wọn nínú gbọ̀ngàn, lára ògiri tí ẹ̀rọ kan ń tanná sí, olúkúlùkù nínú fèrèsé tirẹ̀, tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àlejò ní orílẹ̀-èdè wọn, o sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé ọ̀kan ní ilẹ̀ ni àwọn ń fún wọn kí wọ́n fi dáko, òmíràn ní àárín àdúgbò ni àwọn ń fi wọ́n sí kí wọ́n má bàa dà bí ẹlẹ́wọ̀n. Mo kí wọn, gbogbo wọn juwọ́ sí mi. Mo wá yí lọ sẹ́yìn ògiri láti lọ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹnì kan tó ń fọ abọ́ ni mo bá. Mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde, bá mi kí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nígbà tí o gòkè lọ bá ọ̀gá rẹ, tí o ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bá obìnrin kan níbẹ̀ tó gbé ọmọ ọwọ́, wọ́n ní ará Kamẹrúùnù ni. Ó nàka sí àyà rẹ̀, ó ní Margaret, èmi náà nàka sí tèmi, mo ní Bàbá. Ọmọ náà di ìka mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀, Margaret ló kàn, ṣùgbọ́n ó wo ewú orí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n máa lọ ṣáájú. Mo súre fún un. Mo wọlé.

Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ tuntun tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yín, bi mí lórúkọ, mo ní Akínfẹ́nwá, èyí tí ìyá mi àgbà sọ mí, nítorí mo rò pé ibi ńlá la ti ń lo orúkọ ńlá, mi ò rántí fi Enoch tí ẹ̀yin ọmọ ń jẹ́ kún un. Ó yà mí ní fọ́tò tòun ti awò dúdú ilé ìwòsàn lójú mi. Ó gbọ́ ohùn Oǹdó lẹ́nu mi, ó ní ṣé òdìkejì bọ́dà ni mo ti wá, mo ní ọ̀nà jìn, kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá rọra béèrè pé kí ni mo sá fún. Mo ní ta ló sọ fún un. Mo wá jẹ́wọ́ pé Gbádégẹṣin àbúrò mi ni. Ó ní ṣé ó ní ohun ìjà, mo ní ó ní àdá méjì àti ìbọn ọdẹ kan. Mo ṣàlàyé pé láti ọdún méje tí bàbá wa ti kú ló ti fi àgádágodo sẹ́nu yàrá bàbá, tí èmi náà sì fi tèmi lé e, òun kò gbébẹ̀, èmi náà ò gbébẹ̀. Ó ní ṣé ìjọba ìlú mi kò dá sí i, mo ní baálẹ̀ dá sí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mo bá padà sílé, ṣé ọkàn mi yóò balẹ̀, mo ní rárá. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò mọ́ dígí kékeré kan tó ń tàn, ó fún mi ní káàdì, ọṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní bẹ́ẹ̀dì kẹrìnlá ni tèmi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe bàbá òṣìṣẹ́ lálejò l'Ékòó nìyẹn. Nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀, a lọ jẹun nílé rẹ, mo sì bá ọkọ̀ wálé lọ́jọ́ kejì.

Ní Sátidé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí láìnì tuntun tí mo rà ní Agboju, tí mo fún Ẹ̀bùnlọlá ní nọ́ńbà rẹ̀, pé wọ́n ṣì ń tọ́jú bẹ́ẹ̀dì mi dè mí. Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo dáhùn sókè lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹ ṣeun, mo ti délé. Kò fèsì.

Àfi lánàá tí o pe ìyá rẹ, tí ohùn rẹ ń ròkè, tí o ní Margaret àti ọmọ rẹ̀ ṣì ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ọmọ náà ń wúkọ́, pé bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó kù jẹ́ ti bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń wá, òfin yín sì ni pé ẹ kò gbọdọ̀ gba ibùsùn ẹni tó sá wá bá yín, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ ọ́ pé òun ti lọ, àti pé ohun tí òun sá fún ti tán. Ìyá rẹ ní ẹ̀yà, bàbá wo nìyẹn. Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́.

Tẹjúmádé, èmi ni. Obìnrin tó bọ̀wọ̀ fún mi ni mo gba ibùsùn mọ́ lọ́wọ́. Ojú tì mí, ó sì tún yà mí lẹ́nu pé ilé kan wà láyé tí wọn kò jẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì tí mi ò tilẹ̀ fẹ̀yìn kàn.

Mo mú bírò lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí mo ti máa kọ ọ́ pé ohun tí mo sá fún ti tán, ọwọ́ mi kọ̀. Àtàǹpàkò mi wà lọ́dọ̀ yín, bí mo bá purọ́, dígí yẹn yóò mọ̀. Mo bá dìde, mo lọ sílé Gbádégẹṣin, ilé tí mi ò tẹ̀ fún ọdún méje. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti kọ orúkọ òun sílẹ̀ l'Ékòó bí olórí ogun, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ẹ̀rín náà wá dáwọ́ dúró, ó ní ṣé títí di ìsinsìnyí ni ọmọ náà ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde, ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àgádágodo méjèèjì ti dípẹtà, a da kẹrosíìnì sí i, ó fi òkúta lu tèmi, mo lu tirẹ̀. Yàrá tí èèyàn mẹ́rin lè sùn dáadáa ni a tì pa, ọmọ mi, nígbà tí ayé ń wá ibi tí yóò forí lé. Àwa àgbà méjì sunkún níbẹ̀.

Gé ìwé tó wà lábẹ́ yìí fún Ẹ̀bùnlọlá kí o tó jẹun. Èmi àti Gbádégẹṣin ti tẹ̀ka sí i. Mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti táwẹ́ẹ̀lì rán dẹ́rẹ́bà náà, ọṣẹ ni ìyá rẹ ti fi fọṣọ, ẹ má bínú. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún fóòmù méjì àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nítorí àwa méjèèjì ti fẹnu kò pé bí ilé yín bá tún kún, kí ẹ kó wọn wá síbí, iná kò sí lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ṣùgbọ́n èèyàn yóò máa sìn wọ́n lọ. Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́. Ibi tí o bá dé, wọn yóò yọ̀ mọ́ ọ. Ọmọ Margaret yóò dàgbà, yóò sì padà rí ilé bàbá rẹ̀.

Èmi, Akínfẹ́nwá, ẹni bẹ́ẹ̀dì kẹrìnlá, ti délé. Ẹni tí mo sá fún ló mú fìtílà dání nínú yàrá bàbá wa tó ṣókùnkùn kí n lè ríbi kọ èyí. Ẹ gbé ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò sá fún ẹnikẹ́ni mọ́.